Ẹ̀fọ́rí Túúlu àti Ẹ̀jẹ̀ Inú Ọpọlọ

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ẹ̀fọ́rí túúlu, èyí tí í sábà mú apá kan orí, tí í mú èébì wá, tí ẹni tó ń ṣe kì í fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀.

Ní ìpàdé wa kan, akápò ṣàdédé sọ pé òun kò rí ìdajì ojú ìwé owó tí òun ń kà mọ́, ohun kan ń kọ mànà níbẹ̀. Kò pẹ́, orí dé. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ló gun orí, kí a sín gbẹ́rẹ́ sí i ní ẹ̀bátí kí ó lè jáde.

Àwọn oníṣègùn òyìnbó pàápàá ti fi ẹ̀sùn kan ẹ̀jẹ̀ rí. Harold Wolff ní New York kọ́ni pé bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá fẹ̀ ni orí ń fọ́. Ṣùgbọ́n ní 1981, Jes Olesen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Copenhagen wọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ àwọn tí túúlu ń mú bọ̀. Dídín ni ẹ̀jẹ̀ ń dín kù! Láti ìpàkọ́, níbi tí ọpọlọ ti ń ṣètò ìríran, ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń rìn síwájú ní milimítà 2 sí 3 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbín yóò fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ojú fi ń ṣú kí orí tó fọ́. Aristides Leão, ọmọ ilẹ̀ Brasil, ti kọ̀wé ní 1944 nípa irú ìgbì bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ ehoro.

Ní 1990 ni wọ́n wá fi hàn pé orí ti ń fọ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì kéré, àti pé ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ lẹ́yìn náà kí ìrora sì ti lọ. Nítorí náà, kí ni gbẹ́rẹ́ fẹ́ tú jáde? Abẹ tí a ti lò fún ẹlòmíràn sì lè kó àrùn ranni.

Akápò wa kò gbà fún abẹ. Ó lo oògùn rẹ̀ ní kíá, ó sùn nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Lọ́jọ́ kejì ó ka owó náà pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí ní ọjọ́ 10 tàbí 15 lóṣooṣù, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè máa fọ́ ọ lórí. Kí ó lọ rí dókítà.

Bí orí bá sì ṣàdédé fọ́ bí ẹni tí àrá sán lù, tàbí tí ọrùn gan pẹ̀lú ibà, tàbí tí apá kan ara rọ, ẹ má pè é ní túúlu. Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.