Bí Ìròyìn Bá Ba Odidi Ẹ̀yà Jẹ́: Ẹ̀kọ́ Lára Àwọn Ará Ṣáínà ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lé ohun kan tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àwàdà: kí ènìyàn mú ìwà ẹnì kan, tàbí irọ́ pátápátá, kí ó fi ṣe orúkọ fún odidi ẹ̀yà. Ohun tí ojú àwọn ará Ṣáínà rí ní Amẹ́ríkà ni a ó yẹ̀ wò.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó fọ́ àpáta, tí wọ́n sì la òkè níbi iṣẹ́ ojú irin tí ó so ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ ìlà oòrùn, èyí tí a parí ní ọdún 1869. Nígbà tí iṣẹ́ wá wọ́n lóde, àwọn ni a di ẹ̀bi rù. Àwọn ìwé ìròyìn ń yà wọ́n bí eṣú àti bí eku. Ní 1882 ìjọba ṣe òfin tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà, 1943 ni wọ́n sì tó fagi lé e. Ní 1885, ní Rock Springs ní Wyoming, àwọn awakùsà aláwọ̀ funfun pa ará Ṣáínà tí kò dín ní 28, wọ́n sì dáná sun ilé wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe dáhùn? Ọkùnrin kan wà ní New York, Wong Chin Foo. Ní 1883 ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì kéde pé òun yóò fún ẹni tí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ará Ṣáínà ń jẹ eku tàbí ológbò ní 500 dọ́là. Owó ńlá ni nígbà náà! Ẹ kíyè sí ọgbọ́n yìí: kò sunkún, ẹ̀rí ni ó béèrè. Mùsùlùmí kọ́ ni Wong, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe kò jìnnà sí ohun tí ẹsẹ kẹfà Súúrà Hujuraat kọ́ wa, níbi tí a ti pa á láṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn kí a tó gbé e. Ní 1892 ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹlòmíràn, Wong Kim Ark, tí a bí ní San Francisco, gba kóòtù lọ nígbà tí wọn kò jẹ́ kí ó padà wọlé, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì dá a láre ní 1898 pé ọmọ Amẹ́ríkà ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀ o. Ní oṣù kẹfà ọdún 1982, lẹ́bàá Detroit, àwọn ọkùnrin méjì lu Vincent Chin, ẹni ọdún 27, pa, nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Lákòókò yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń dá òṣìṣẹ́ dúró, gbogbo ènìyàn sì ń bú ọkọ̀ Jàpáánù. Ẹlẹ́rìí kan sọ ní kóòtù pé ọ̀kan nínú wọn ní tìtorí irú wọn ni àwọn kò fi níṣẹ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Chin kì í tilẹ̀ ṣe ará Jàpáánù! Adájọ́ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san 3,000 dọ́là, kí wọ́n máa lọ sílé. Ìyá rẹ̀, Lily Chin, kò dákẹ́. Ní 1983 àwọn ará Ṣáínà, Jàpáánù àti Kòríà para pọ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú sì dúró tì wọ́n. Ìjọba àpapọ̀ gbé ẹjọ́ náà dìde. Wọ́n dá ọ̀kan lẹ́bi ní 1984, ṣùgbọ́n wọ́n tún un gbọ́, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní 1987. Nígbẹ̀yìn, kò sí èyí tí ó lọ ṣẹ̀wọ̀n nínú wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò wí pé: "Àwọn náà ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, lásìkò àrùn Kòrónà, wọ́n lé àwọn ọmọ Áfíríkà síta nínú ilé àti òtẹ́ẹ̀lì ní Guangzhou, ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ìyà gidi ni, ó sì yẹ kí a pariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí wọ́n tutọ́ sí lára ní ọkọ̀ ojú irin New York lọ́dún kan náà kò lé ẹnikẹ́ni jáde nílé. Àwa tí wọ́n ti pe gbogbo wa ní apániláyà nítorí ẹ̀sìn, tí wọ́n sì pe gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní onígbájú-ẹ̀, ó yẹ kí ó yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Àti pé àwọn Mùsùlùmí Hui nìkan lé ní mílíọ̀nù 10 ní Ṣáínà. Ẹni tí ó ń fi ojú "ará Ṣáínà" ṣe ẹ̀fẹ̀, arákùnrin rẹ̀ nínú ẹ̀sìn wà níbẹ̀.

Fún ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gé ìròyìn kan tí ó dárúkọ ẹ̀yà wá. Ẹ bi ara yín pé: bí ó bá jẹ́ ọmọ ìlú oníròyìn ni ó hu ìwà náà, ṣé wọn ì bá dárúkọ ẹ̀yà rẹ̀? Ta ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò? Ẹ̀rí wọn dà? Èyí tí kò bá ní ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí a jọ kọ lẹ́tà sí olóòtú rẹ̀, ní èdè pẹ̀lẹ́, kí akọ̀wé sì fi ọjọ́ àti orúkọ ẹgbẹ́ sí i.