Bí omi bá dínà mọ́ yín lẹ́nu ìsinmi, ta ni yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù?

Ọ̀rọ̀ wa tòní jẹ mọ́ ìsinmi, àmọ́ kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń gbádùn ara rẹ̀ la fẹ́ sọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọjà ẹni la fẹ́ yẹ̀ wò, nígbà tí òjò tàbí ẹ̀kún omi kò bá jẹ́ kí ẹni tó kó ìdílé rẹ̀ jáde padà sílé lọ́jọ́ tó dá.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ni kì í sinmi rárá. Bí wọ́n bá wá rí ọjọ́ mẹ́ta gbà, tí wọ́n kó ọkọ tàbí ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹbí, ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé ọjọ́ Mọ́ńdé làwọn yóò dé, ṣọ́ọ̀bù yóò sì ṣí láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè. Gbogbo ètò wọn ló rọ̀ mọ́ pé ọ̀nà yóò dára. Bí ọ̀nà kò bá wá dára ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja lọ́dún 2022. Ìlú yẹn ni odò Ọya àti odò Benue ti pàdé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Abuja ń gbà. Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n tú omi sílẹ̀ níbi tí wọ́n sé odò Benue mọ́ ní Lagdo, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, bẹ́ẹ̀ ni òjò ńlá ń rọ̀ ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, omi ti bo títì láàárín Lọ́kọ́ja àti Abuja. Àsìkò yẹn gan-an ni ìjọba fún ará ìlú ní ìsinmi ọjọ́ Mọ́ńdé méjì tẹ̀léra: ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá fún àjọ̀dún òmìnira, ọjọ́ kẹwàá fún Máólúdì. Àwọn èrò sun ojú ọ̀nà, àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá, àwọn mìíràn ní láti yípo gba Lapai, Bídà, Mọ́kwà àti Jẹ́bà kí wọ́n tó já sí Ìlọrin. Táńkà epo pàápàá kò rí ọ̀nà kọjá, èyí sì wà lára ohun tó fa ìlà gígùn láwọn ilé epo Abuja. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, torí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja kan náà lọ́dún 2012.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Ẹ ká a sí pé obìnrin aránṣọ kan l'Ákùúrẹ́, tó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, kó ọkọ àti ọmọ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ l'Abuja. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń pa 15,000 náírà lóòjọ́. Inú báàgì rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìwé tó kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà sí, òun nìkan ló lè kà á. Aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ní Sátidé wà lórí tábìlì, bọ́tìnì nìkan ló kù kí wọ́n rán mọ́ ọn. Ni omi bá dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́rin.

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ 60,000 náírà. Owó aṣọ ìgbéyàwó tó ní láti dá padà jẹ́ 80,000. Oúnjẹ, ibùsùn àti owó ọkọ̀ tí kò sí nínú ètò jẹ́ 50,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di 190,000 náírà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: nínú owó yìí, 50,000 péré ni omi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àti ìwé tí ẹlòmíràn kò lè kà ló gba 140,000 tó kù. Ká ní ẹnì kan lè ṣí ṣọ́ọ̀bù, tó sì mọ ibi tí bọ́tìnì wà, aṣọ yẹn ì bá jáde.

Èyí tó tún burú ju owó lọ ni pé ṣọ́ọ̀bù tí kò lè dúró fún ọjọ́ mẹ́rin láìsí ọ̀gá rẹ̀ ló ń ti ọ̀gá rẹ̀ wọ inú omi. Ẹni tí oníbàárà ń pè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ ló máa ń sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ, pé omi náà kò jìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tó ń ṣàn, tí kò ga ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, lè gbé ọkọ̀ kékeré kúrò lójú ọ̀nà. Tó bá tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ó lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, títí kan jíìpù. Àwọn ọmọ yín sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà.

Kí ló yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó kúrò nílé?

Àkọ́kọ́, ẹ yan ẹni tí yóò dúró fún yín, kí ẹ sì dán an wò. Ẹ má dúró dìgbà tí ìrìn àjò bá dé. Ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ jókòó sílé, kí ẹ pa fóònù yín, kí ẹni náà ṣí ṣọ́ọ̀bù, kó tajà, kó sì tì í. Gbogbo ìbéèrè tó bá bi yín lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹ ti ń dá mọ̀ sínú nìyẹn.

Ìkejì, ẹ kọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sínú ìwé tí ẹlòmíràn lè kà. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ohun tó fẹ́, iye tó ti san, iye tó kù, àti ọjọ́ tó fẹ́ gbà á. Ojú ìwé kan ti tó.

Ìkẹta, ẹ pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń dúró fún yín, èyí tí yóò fi ra ohun èlò, tí yóò sì fi san àjọ tó bá bọ́ sí ọjọ́ náà. Ẹ mú owó ìrìn àjò yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ya oúnjẹ àti ibùsùn ọjọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìdílé yín, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án àfi tí ọ̀nà bá dí. Bí ẹ bá ti mú owó ọjà gbọ́ bùkátà ojú ọ̀nà, ẹ̀yìn tí ẹ bá délé lẹ ó mọ̀ pé ẹ ti jẹ nínú owó iṣẹ́.

Ìkẹrin, ẹ má gba iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá dé. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sí i. Oníbàárà tó bá gbọ́ ọjọ́ tòótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í bínú bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀.

Ìkarùn-ún, ẹ gbé ẹrù kúrò nílẹ̀. Omi lè má pàdé yín lọ́nà, kó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló máa wọ̀ nígbà tí ẹ kò sí nílé. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa ya l'Ẹ́bàdàn. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni àgbàrá tún ba ìlú náà jẹ́, ó pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì wó ọ̀pọ̀ afárá, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin péré kí wọ́n túnu ààwẹ̀. Ìgbà méjèèjì, òpin oṣù kẹjọ ni, tí àwọn ọmọ iléèwé wà ní ìsinmi. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò lásìkò náà, kó gbé ọjà sórí pákó, kó sì pa iná mànàmáná níbi mítà.

Tí ẹ bá ní ìwé adójútòfò, ẹ tún un kà. Èyí tó wà fún iná nìkan kì í san owó ẹ̀kún omi àfi tí wọ́n bá kọ omi mọ́ ọn. Èyí tó ń san owó ọjà tí ẹ kò rí tà sì sábà máa ń béèrè pé kí nǹkan ti kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Kì í sábà san owó torí pé títì dí.

Ìkẹfà, ẹ gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́. Àjọ NiMet máa ń sọ bí òjò yóò ṣe rọ̀ sí lọ́dọọdún, àjọ NIHSA sì máa ń dárúkọ àwọn ibi tí omi lè ya. Omi Lọ́kọ́ja lọ́dún 2022 kò yọ́ wọlé. Láti oṣù kẹsàn-án ni àjọ NEMA ti ń kìlọ̀ lórí omi tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Lagdo. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ padà, ẹ pe awakọ̀ tó gba ọ̀nà náà lálẹ́ àná, ẹ má gbára lé ohun tí àwọn agbèrò bá sọ ní gáréèjì.

Bí omi bá wá dá yín dúró láìka gbogbo èyí sí, ẹ pe àwọn oníbàárà yín kí wọ́n tó pè yín. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà, ẹ sọ ẹni tí yóò dá wọn lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì sọ ọjọ́ tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù sílẹ̀, kí ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín títí omi yóò fi fà.

Iṣẹ́ tí a fún yín lọ́sẹ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ ṣe kọ́kọ́rọ́ kejì, kí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ máa fún. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.