Ipasẹ̀ Ẹlòmíì Kì Í Ṣe Ọ̀nà

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ gbé òwe yìí lọ sórí Ben Nevis ní Scotland nínú oṣù Karùn-ún, kí ẹ wá wò ó bóyá ó ṣì dúró.

Mo rí àwọn ọ̀dọ́ wa kan níbẹ̀, tí wọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Kánfáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Oòrùn ń ràn ní àfonífojì Glen Nevis, wọ́n sì gbà pé òtútù ti lọ. Mítà 1,345 ni òkè náà ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba: bí ìsàlẹ̀ ti ń rúwé, sínóò ṣì wà lókè. Nígbà tí sínóò bo ojú ọ̀nà, tí kùrukùru sì sọ̀, ipasẹ̀ tí wọ́n bá nílẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀. Ọ̀gbun ìhà àríwá ni ipasẹ̀ yẹn forí lé. Bàbá kan tó mọ òkè náà dáadáa ló pariwo mọ́ wọn tí wọ́n fi dúró. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ta ló sọ fún yín pé ibi tí ẹ̀ ń lọ ni ẹni tó ni ipasẹ̀ náà ń lọ? Ó lè jẹ́ àwọn tó ń fi okùn gun àpáta. Ó sì lè jẹ́ pé ìdájí ló kọjá, nígbà tí sínóò ṣì le bí òkúta. Tó bá di ọ̀sán, oòrùn á ti rọ̀ ọ́, omi á máa ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ tiyín á sì rì dé ìbàdí. Létí ọ̀gbun ló tún burú jù. Afẹ́fẹ́ a máa ti sínóò jáde kọjá etí àpáta. Èèyàn á rò pé ilẹ̀ lòun ń tẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀.

Ibi tí òwe náà ti kùnà nìyí. Kòtò tí àwọn baba wa ń sọ, ojú kan ló wà. A rí i, a yà fún un. Kòtò inú sínóò a máa ṣípò, sínóò tuntun sì lè bò ó mọ́lẹ̀ lóru. Níbẹ̀, ẹni tí kò jìn gan-an ló ń ṣi ará yòókù lọ́nà.

Ẹ mú máàpù àti kọ́ńpáàsì, kí ẹ sì ti kọ́ ìlò wọn nílé. Bí kùrukùru bá ká yín mọ́ góńgó Ben Nevis, láti ibi òpó ìwọ̀n tó wà níbẹ̀, ẹ tọ dígírì 231 orí máàpù fún mítà 150, lẹ́yìn náà kí ẹ tọ dígírì 282. Ẹ wọ bàtà tó le, kí ẹ de irin eléyín mọ́ ọn, kí ẹ mú àáké yìnyín tí ẹ mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tí kò bá ní wọn, ibi tí sínóò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kó ti yí padà, kó tún wá lóṣù Keje.