Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Kọ́ Faransé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má kàn máa há imparfait sórí. Ọ̀dọ̀ “nous” ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú “nous finissons”, ẹ gé -ons kúrò, ẹ fi -ais, -ais, -ait, -ions, -iez, -aient rọ́pò: “je finissais”. Être nìkan ló yapa. Ét- ni tirẹ̀. Bákan náà ni -ais, -ait àti -aient ń dún létí, ìwé kíkọ ló ń tú àṣírí ọ̀lẹ. Ohun téèyàn máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, tàbí tó ń ṣe lọ́wọ́ kí nǹkan mìíràn tó já lù ú, lẹ ó fi imparfait sọ: “Je mangeais quand il est arrivé.” Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì parí, passé composé ló ni ín.