Ṣé Ilẹ̀ Ṣá Ni, tàbí Ó Lọ?

Nígbà tí a wà ní Lálúpọn fún ìdánrawò ìkọ́ni, àwọn àgbẹ̀ fi oko kan hàn wá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ kò sanra ju àtàǹpàkò lọ. Wọ́n ní ilẹ̀ náà ti ṣá. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ oko yìí kan náà, lẹ́bàá odò, ewé kókò tutù yọ̀yọ̀.

A bi ara wa léèrè pé, ṣé ilẹ̀ òkè yẹn ṣá ni, tàbí ó lọ? Ilẹ̀ tí ó ṣá, irúgbìn ni ó jẹ oúnjẹ inú rẹ̀ tán; bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀, ó lè bọ̀ sípò. Ilẹ̀dú tí àgbàrá gbé lọ kì í padà. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tí ó wọn oko náà láyé àwọn bàbá wa?

Ohun tí a kà nípa rẹ̀ yà wá lẹ́nu: bọ́ǹbù átọ́míìkì ni ó ti fi àmì sí ilẹ̀ náà. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Moscow ní ọdún 1963, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ti dán ọ̀pọ̀ bọ́ǹbù wò nínú afẹ́fẹ́. Faransé pẹ̀lú dán tirẹ̀ wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, nígbà ọyẹ́. Kò dá a dúró síbẹ̀, títí Nàìjíríà fi lé aṣojú Faransé jáde ní oṣù kìíní ọdún 1961. Eérú àwọn bọ́ǹbù wọ̀nyí gòkè, ó yí ayé ká, òjò sì rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni caesium-137 wà, èyí tí ń tú ìtànṣán tí ojú kò lè rí jáde.

Bí caesium yìí bá ti kan amọ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ibi tí iyẹ̀pẹ̀ bá lọ ni òun náà ń lọ. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ a wa iyẹ̀pẹ̀ níbi tí ilẹ̀ tẹ́jú tí ọkọ́ kò kàn láti ìgbà náà, wọn a wa ti oko pẹ̀lú, wọn a sì fi ẹ̀rọ ka ìtànṣán wọn. Bí ti oko bá kéré sí èkejì, ilẹ̀ ti lọ. Bí ti ìsàlẹ̀ bá pọ̀ jù, ibẹ̀ ni ó lọ dúró. Bí wọ́n bá dọ́gba, ó ṣá ni lóòótọ́. Birte Junge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí ní Nàìjíríà, ní agbègbè Ìbàdàn tiwa yìí. Ọdún 2010 ni ìròyìn iṣẹ́ náà jáde.

Ọ̀nà tí ó jọ èyí ni wọ́n fi ń tọ ipasẹ̀ eruku aṣálẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, eruku Sàhárà bo ojú ọ̀run Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eérú Reggane ni ó padà lọ bá àwọn tí ó ni í. (A kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín díẹ̀.) Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo plutonium inú eruku náà, ìwọ̀n irú kan sí irú kejì fi hàn pé ti bọ́ǹbù Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ni ó pọ̀ jù. Ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Àmì náà ń parẹ́. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ìdajì caesium-137 a lọ. Èyí tí ó kù nínú ti ọdún 1963 kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹni tí yóò bi oko Lálúpọn léèrè, kí ó má ṣe pẹ́.

Àwa kò ní ẹ̀rọ. Ìgò méjì ni a fi kọ́ àwọn ọmọ. A gbé ọ̀kan síbi tí àgbàrá ti ń ṣàn láti orí ebè tí ó wà ní ìhòòhò, a gbé èkejì sí ẹsẹ̀ ebè tí a fi koríko gbígbẹ bò, gẹ́gẹ́ bí Rattan Lal ti dán an wò ní IITA, ní Ìbàdàn, láti ọdún 1970. Òjò ọjọ́ kan péré ni. Omi ìgò kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ti àkọ́kọ́ pọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, amọ̀ ti sọ̀ sí ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Ọmọdékùnrin kan tọrọ rẹ̀, ó sì gbé e lọ fi han bàbá rẹ̀ lóko.