Fọ́tò Omi Ọ̀ṣọ̀rọ̀ Tó Ń Tan Èèyàn Lọ Sínú Ewu

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ya fọ́tò ní Sakassou, ní Bouaké àti ní agbègbè wọn ní Côte d'Ivoire, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Owó fọ́tò ìgbéyàwó àti ìkómọjáde kò tó ẹni jẹ mọ́, nítorí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo àlejò. Ìyẹn ni àwọn ọ̀dọ́ onífọ́tò kan fi ń gba ọ̀nà Bouaflé àti Daloa lọ sí Man, kí wọ́n lè ya omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta láàárín igbó ọparun, kí wọ́n tà á fún ilé ìtura tàbí kí wọ́n gbé e sórí Facebook. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìkìlọ̀ mi ni pé fọ́tò omi ọ̀ṣọ̀rọ̀ máa ń purọ́ ju fọ́tò ojú èèyàn lọ, irọ́ náà sì lè pa ẹni tó bá gbà á gbọ́.

Ẹ wo bó ṣe ń purọ́. Omi tó bá já láti òkè máa ń rìn tó mítà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́. Bí kámẹ́rà bá lajú fún 1/500 ìṣẹ́jú-àáyá péré, ẹ óò rí ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń fọ́n ká, ẹ óò sì rí agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé kámẹ́rà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹ jẹ́ kó lajú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko, gbogbo ẹ̀kán wọ̀nyẹn á fà gùn, wọ́n á para pọ̀, omi á wá rọ̀ bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Fọ́tò kò sì ní ariwo. Ẹni tó ń wò ó lórí fóònù ní Yamoussoukro á rò pé ibi tí ọmọdé ti lè wẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni ìtúnṣe orí kọ̀ǹpútà á tún dé. Wọ́n á yọ pátákó ìkìlọ̀ kúrò torí pé ó ba fọ́tò jẹ́. Wọ́n á yọ okùn tí wọ́n fi dí ọ̀nà. Wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ sí àpáta tó ń yọ̀ títí yóò fi dà bí òkúta gbígbẹ. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ṣì ń pa owó ní Bouaké, Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n, àwọn àgbà yẹn náà sì ń tún fọ́tò ṣe: pẹ́ńsù tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń pa àpá àti rorẹ́ rẹ́ lórí fíìmù. Ẹni tí wọ́n pa rorẹ́ rẹ́ lójú rẹ̀ á dúpẹ́, á sanwó, á lọ. Kò sẹ́ni tí ìyẹn pa. Ewu tí ẹ bá pa rẹ́ kúrò lára omi kò kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjì òjò bá àwọn tó wá ṣeré nídìí omi ọ̀ṣọ̀rọ̀ Kintampo ní Gánà. Igi ńlá kan wó láti òkè lé wọn lórí nínú omi. Ó kéré tán, èèyàn 18 ló kú, akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Igi ló ṣe é, kì í ṣe omi, mo sì ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé omi nìkan ni onífọ́tò máa ń wò. Igi tó hù sétí àpáta tútù kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ilẹ̀ fi gbòǹgbò dì mú. Kí ẹ tó na ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè. Bí atẹ́gùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ẹ máa bọ̀ nílé, bí fọ́tò náà tilẹ̀ ku díẹ̀ kó bọ́ sí i.

Ìgbà òjò gan-an ni àwa onífọ́tò fẹ́ràn, torí omi Man máa ń tín-ín-rín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Òjò lè máa rọ̀ lórí òkè kí oòrùn máa ràn níbi tí ẹ dúró sí. Bí omi bá yí àwọ̀ padà, tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń ṣàn bọ̀, tí ìró rẹ̀ sì le sí i, ẹ gun òkè lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kó ẹrù. Kámẹ́rà ṣeé rà. Ní Soubré, níbi omi Nawa lórí odò Sassandra, ìdídò iná mànàmáná tí wọ́n ṣí ní 2017 wà níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣí ilẹ̀kùn ìdídò, omi lè kún láìsí òjò rárá.

Ẹni tó dàgbà ní Sakassou lè máa wí pé òun mọ omi. Adágún Kossou ló mọ̀, èyí tí ìdídò orí odò Bandama bí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Omi yẹn dùbúlẹ̀ ni. Igi tó rì sábẹ́ rẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ ń ṣọ́ra fún. Omi tó ń sáré yàtọ̀. Kò tilẹ̀ ní í dé orókùn tó fi máa gbé àgbàlagbà ṣubú. Afẹ́fẹ́ ló sì pọ̀ nínú ìfóófòó funfun ìdí omi ọ̀ṣọ̀rọ̀, nítorí náà kì í gbé òmùwẹ̀ léfòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé ní Ẹ̀jìgbò nígbà ọdún, tí ẹ ń yà sí Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, bó ṣe rí níbẹ̀ náà nìyẹn. Ìpele méje ni omi yẹn ní, ẹni tó bá sì ń gùn ún pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn kò ní ọwọ́ tó kù láti fi di nǹkan mú.

Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Inú omi tó ń sáré ni ẹṣinṣin dúdú tó ń fa àrùn afọ́jú ti ń pamọ, ọ̀sán ló sì ń jẹni. Ètò tí wọ́n fi gbógun tì í ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, láti 1974 sí 2002, kan Côte d'Ivoire náà. Ìrìn ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà kó o ranni, àmọ́ ẹni tó bá ń lọ léraléra kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ gba afinimọ̀nà ará ibẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè ibi tí èèwọ̀ wà. Ní Man yìí kan náà, igbó ọ̀bọ Gbêpleu jẹ́ ibi mímọ́ fún wọn.

Nípa yíyà gan-an, ẹ dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí lẹ́ńsì gígùn bá yín sún mọ́ omi. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ tàbí lọ́jọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn, ẹ fi ISO sí 100, kí ẹ lo fílítà tó ń pa dídán ewé tútù, kí ẹ sì máa nu omi kúrò lójú lẹ́ńsì. Ẹ ya RAW, kí ẹ jẹ́ kí ó ṣókùnkùn díẹ̀. Funfun omi tó bá ti jóná nínú fọ́tò, kò sí Lightroom tàbí Snapseed tó lè dá a padà, ṣùgbọ́n òkùnkùn abẹ́ igi ṣì ṣeé là. Ewé igbó máa ń fi àwọ̀ rẹ̀ kun omi. Ẹ tún ìyẹn ṣe títí ìfóófòó yóò fi funfun bó ṣe rí lójú, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ewéko tí wọ́n fún ní àwọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ máa ń dà bí ike, mi ò mọ ìdí tí ilé ìtura fi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi pátákó àti okùn sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Bí ẹnì kan bá dúró níbi tí kò séwu, ẹ jẹ́ kó wà nínú fọ́tò, kí aráyé lè mọ bí omi náà ṣe ga tó. Ẹ má ní kí kọ̀ǹpútà fi omi kún omi inú fọ́tò. Bí oníbàárà bá fẹ́ òwú, ẹ ta òwú fún un, àmọ́ ẹ ya òmíràn ní 1/500 tì í, kí ẹ gbé méjèèjì jáde pọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé: oṣù Kẹsàn-án, omi kún, àpáta ń yọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá kan ni kámẹ́rà fi lajú, ẹ má wọ inú rẹ̀.