Rótìmí: Orúkọ Kan Nínú Ìwé Àlòkù



Lóṣù tó kọjá, èmi àti Màmá mi yà sí ṣọ́ọ̀bù ìwé àlòkù kan ní Decatur. Ibẹ̀ ni mo ti ra Stay With Me, ìtàn àròsọ tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, tó jáde ní 2017. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ìwé náà ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ orúkọ kan, Rotimi, ó sì kọ àmì ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmì yẹn ló jẹ́ kí n kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Iléṣà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láyé ìjọba ológun. Yéjídé ń ṣe irun, Akin ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Wọn ò tètè rí ọmọ bí, làwọn ẹbí ọkọ bá mú ìyàwó kejì wá. Yéjídé fa ewúrẹ́ funfun gun òkè lọ bá wòlíì kan. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ti lóyún, ṣùgbọ́n dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò sọ́mọ níbẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín níbi yìí. Màmá mi ní àwọn mọ èèyàn tó gun irú òkè bẹ́ẹ̀, ni mo bá dákẹ́.

Nígbà tọ́mọ wá dé, àkọ́bí kú, èkejì náà kú. Àbíkú ni lójú ìyá ọkọ. Dókítà ní fòníkú-fọ̀ladìde ló pa èkejì. Ọmọ kẹta ló ń jẹ́ Rótìmí. (Ẹ̀yin àbúrò, ìwé àgbà ni o. Ẹ ní sùúrù.)

Ẹ jẹ́ ká tú orúkọ náà: dúró, tì, mí. A gé “dú” kúrò. Ìyẹn ni pé àkọlé Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ìtumọ̀ orúkọ ọmọ ni. Tó bá jẹ́ Olúrótìmí, ọpẹ́ ni: Olúwa ló dúró tì mí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe àbíkú ní Rótìmí, ọmọ náà gan-an ni wọ́n ń bẹ̀. Málọmọ́ náà, ẹ̀bẹ̀ ni. Dúrósinmí ní kọ́mọ dúró kó lè sin òbí rẹ̀. Kòkúmọ́ ló yà mí lẹ́nu jù: òbí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ti parí, ọmọ ò kú mọ́.

Orúkọ àbíkú ni ẹ̀gbọ́n Màmá mi ń jẹ́. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mi ò béèrè ìdí rẹ̀ rí. Màmá Àgbà ti bí méjì ṣáájú wọn, méjèèjì kú kí wọ́n tó rìn. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Mo wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kí ni jínótáìpù tèmi?” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. AS ni mí. Wọ́n ti mọ̀ látìgbà tí wọ́n bí mi, torí gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí n máa bẹ̀rù ni. Inú bí mi díẹ̀. Tí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ SS, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó yẹ kí n mọ̀.

Iṣẹ́ ilé: Ẹ béèrè orúkọ àbíkú kan tó wà nínú ẹbí yín, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kẹ́ ẹ tú u. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè jínótáìpù tiyín.